Ìwọ Tí O Ń Kọ Kọ́míìkì, Sún Mọ́ Mi Níbí

Ọmọ ìyá mi, mo mọ̀ pé ìtàn ń hó nínú ẹ. Iwin, ọ̀daràn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, gbogbo wọn ló fẹ́ jáde. Jẹ́ kí n fi ọgbọ́n tí èmi ń dá hàn ẹ́.

Má tíì fi iṣẹ́ tó ń bọ́ ẹ sílẹ̀ o. Nígbà tí wọ́n tẹ The Palm-Wine Drinkard ti Amos Tutuola jáde ní London ní 1952, mẹ́sẹ́ńjà ni bàbá náà ní iléeṣẹ́ ìjọba. Tade Thompson gba ẹ̀bùn Arthur C. Clarke ní 2019 fún Rosewater, bẹ́ẹ̀ dókítà ọpọlọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó oṣù ló ń jẹ́ kéèyàn lẹ́nu láti kọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rẹ́ ẹ jẹ.

Ìdájí ni èmi fẹ́ràn láti kọ̀wé, kí ẹnikẹ́ni tó pe orúkọ mi. Fóònù á wà ní yàrá kejì. Tìẹ lè jẹ́ alẹ́; ṣáà mú àkókò kan, kó o sì rọ̀ mọ́ ọn.

Wàyí o, ibi tó dùn mọ́ mi jù rèé. Ẹni tó máa kọ́kọ́ ka iṣẹ́ ẹ ni ayàwòrán, òun ni kó o kọ ọ́ fún. Má ṣe kọ ọ́ sínú àpótí àwòrán kan ṣoṣo pé Àdùkẹ́ sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Àwòrán kan ò lè sáré kó tún jókòó. Mú ẹyọ kan níbẹ̀: ọwọ́ Àdùkẹ́ lórí àgádágodo, òógùn ń kán lórí ìka rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀. Àpótí márùn-ún tàbí mẹ́fà tó fún ojú ìwé kan. Bí ìjà bá dé, dín in kù, kí ọwọ́ ayàwòrán lè ráyè nà.

Kí n tún sọ àṣírí kan fún ẹ. Ohun tó máa já òǹkàwé láyà, ojú ìwé apá òsì ni kó o fi sí, ìyẹn 2, 4, 6 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, kó lè jẹ́ pé ìgbà tó bá ṣí ìwé ló máa bá a pàdé. Bí iwin bá wà lápá ọ̀tún, ojú á ti rí i kí ẹnu tó kà á débẹ̀. Èmi máa ń ká bébà pọ̀ bí ìwé kékeré, màá kọ nọ́ńbà sí i, màá sì máa ṣí i fúnra mi kí n tó fi iṣẹ́ ránṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ńkọ́? Jẹ́ kó kúrú. Tó bá gùn jù, ojú ẹni tí wọ́n yà ló máa bò. Kà á sókè kí etí ẹ gbọ́ ọ. Tó o bá fẹ́ rí bí ìtàn ọ̀daràn ṣe ń dún lédè wa, lọ wá Àjà Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tó jáde ní 1969, kó o sì máa tọ Lápàdé, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ inú ìwé náà, lẹ́yìn.

Tó bá kan owó, la ojú ẹ dáadáa. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, kí bébà sọ iye owó ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, ẹni tó ni àwọn ẹ̀dá ìtàn náà, àti ohun tó máa tó ẹ lọ́wọ́ bó bá di fíìmù. Ìyanu tí Roye Okupe dá sílẹ̀ nínú kọ́míìkì ti di eré àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n ní 2025. Lábẹ́ òfin Nàìjíríà, àfi kó wà lákọsílẹ̀ kí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ tó di ti ẹlòmíì. Torí náà, inú bébà tó o bá fọwọ́ sí gan-an ló ti lè bọ́ lọ́wọ́ ẹ. Kà á délẹ̀.

Ayàwòrán ẹ náà ńkọ́? Jọ̀ọ́, san owó ẹ̀ fún un lásìkò, kó o sì fi orúkọ ẹ̀ sára èèpo ìwé lẹ́gbẹ̀ẹ́ tìẹ. Ojú ìwé tó o fi wákàtí kan kọ lè gba òun ní odidi ọjọ́ kan.