Àpótí Ìmọ̀: Kí Háàdì Díìsìkì Tó Dákẹ́

Nínú háàdì díìsìkì, àwo pẹlẹbẹ kan ń yí bí òòyì, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan. Orí tó ń kà á kì í fara kàn án. Bí kọ̀ǹpútà bá já bọ́ nígbà tí àwo ń yí, orí náà lè họ ọ́. Bí wọ́n bá mú iná lọ lójijì ní àdúgbò Tanke, tí bátìrì akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìlọrin sì ti kú, fáìlì tó ń kọ lọ́wọ́ lè bàjẹ́. Ṣé díìsìkì ti ń ró kọ̀-kọ̀-kọ̀? Tètè da iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù kọ síbòmíràn. Ẹ̀dà mẹ́ta ló dára, kí ọ̀kan wà níta ilé, bíi lórí Google Drive. Fláàṣì inú báàgì kọ̀ǹpútà kò tó: olè kan náà ni yóò kó méjèèjì.