Èyí Tá A Jẹ Tá Ò Kà

Yorùbá ní ẹni tó tan ara rẹ̀ ni òrìṣà òkè ń tàn: àpọ́n tí kò láya nílé, tó ní kí òrìṣà bun òun lọ́mọ. Àpọ́n yìí sàn díẹ̀ ju ẹni tó ń fi ààwẹ̀ bẹ Ọlọ́run kó bá òun lé ẹ̀jẹ̀ ríru lọ, tí kò sì fẹ́ mọ ohun tó ń gba ọ̀fun òun kọjá.

Ẹ gbọ́ ohun tí òṣìṣẹ́ Èkó máa ń sọ bó bá wọlé lálẹ́: "Mi ò tíì jẹun láti àárọ̀." Lójú ara rẹ̀, kò purọ́, torí kò tíì jókòó ti òkèlè. Gálà tó rà nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Ojúẹlẹ́gba ńkọ́? Gúgúrú àti ẹ̀pà ọ́fíìsì ńkọ́? Ẹlẹ́rìndòdò tó fi tì í ńkọ́? Ìgò 50cl kan lè gbé ṣúgà tó gíráàmù 50. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ní kí ṣúgà àfikún tí àgbàlagbà ń jẹ lóòjọ́ má tó bẹ́ẹ̀, pé bó bá dín sí 25 ló dáa jù. Ìgò kan ṣoṣo ti kó ìpín ọjọ́ jẹ, aya ò sì tíì gbé oúnjẹ kalẹ̀.

Ti wíìtì ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí alátọ̀gbẹ dín èbà kù, ó sá di wíìtì àti àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ mú, èyí tí wọ́n rò fún un sì tó orí ọmọ ọwọ́. Orúkọ òkèlè yí padà, ìwọ̀n rẹ̀ ò yí. Wíìtì náà ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ẹ lè mọ ohun tó ń gba ọ̀fun yín kọjá, ẹ wá ìwé kékeré kan, kí ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan kọ gbogbo ohun tó bá kan ẹnu yín, àfi omi. Ẹ kọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá dalẹ́, ẹ ti gbàgbé gúgúrú. Ẹ má tìtorí ìwé yí ìjẹun yín padà lọ́sẹ̀ náà o. Bí òde ìnáwó bá bọ́ sí i, ó tún dáa.

Iyọ̀ ló ṣòro kọ, torí inú ìkòkò ló ti ń wọlé. Bí ẹ kì í bá dáná, ẹ bi alásè pé horo magí mélòó ló wọ ọbẹ̀. Iyọ̀ ló lé ní ìdajì horo kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ gbogbo iyọ̀ tó yẹ kí àgbàlagbà jẹ lóòjọ́ kò gbọdọ̀ ju gíráàmù 5, ìyẹn ṣíbí tíì kan.

Ẹ má dúró de ẹ̀fọ́rí kí ẹ tó lọ yẹ ara wò. Ẹ̀jẹ̀ ríru lè wà lára fọ́dún púpọ̀ láìfi àmì kankan hàn. Bó bá ń dé 140/90 léraléra, dókítà ló kàn. Bí nọ́ọ̀sì bá bi yín ní ohun tí ẹ ń jẹ, ẹ má dá a lóhùn. Ẹ na ìwé náà sí i, kó kà á fúnra rẹ̀.