Kí Wọ́n Tó Pín Ilẹ̀ sí Ẹ̀bá Igbó

Bí iná bá ń jó oko, màjàlà ni yóò sọ fún ará ilé. Àwọn tó pa òwe yìí mọ iná ẹ̀ẹ̀rùn dáadáa. Ọdẹ ti kiná bọ igbó nítorí ọ̀yà, èéfín ti gba ojú ọ̀run, ohun dúdú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ń bọ́ sórí aṣọ tí wọ́n sá sẹ́yìnkùlé. Màjàlà tiwa sábà máa ń kú kó tó balẹ̀, ìròyìn nìkan ló ń mú wá. Ní Ọsirélíà, òun gan-an ló ń gbé iná wá. Èèpo igi yukalíptọ́sì a máa bó, a sì máa rọ̀ dirodiro lára igi. Epo wà nínú ewé rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ gbígbóná bá já èèpo náà gbà, yóò gbé e fò lọ tòun ti iná lára rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2009, ọjọ́ tí wọ́n ń pè ní Black Saturday ní ìpínlẹ̀ Victoria, irú èèpo bẹ́ẹ̀ dá iná tuntun sílẹ̀ níbi tó tó nǹkan bíi 30 kìlómítà sí iwájú iná tó bí i. Ènìyàn 173 ló bá a lọ. Ilé tó jóná lé ní 2,000.

Àwọn ọmọ wa tó ń ra ilẹ̀ tàbí ilé tuntun ní eteetí Melbourne, Sydney àti Perth ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀bá ìlú ni ilẹ̀ ti dínwó, ẹ̀bá ìlú náà sì ni igbó wà. Ẹni tó ń tà á yóò fi àwòrán ẹyẹ àti igi hàn yín, yóò sì fi dá yín lójú pé ilé náà bá ìlànà iná mu. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n fa ìlà pín ilẹ̀ ni wọ́n ti pinnu èyí tó pọ̀ jù nínú ewu tí ẹ ń rà. Ohun tí ìpín ilẹ̀ bá ti bàjẹ́ ni dígí líle àti ògiri tí kì í jóná ń tún ṣe lẹ́yìn náà.

Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Orí ọgbọ́n yìí ni wọ́n gbé ìlànà ìkọ́lé AS 3959 kà. Ọdún 1991 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde; wọ́n tún un ṣe ní 2009 lẹ́yìn Black Saturday, àti ní 2018. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ewu yóò wo gbogbo igbó tó wà láàárín 100 mítà sí ibi tí ilé máa wà. Ṣé igbó igi gíga ni, àbí ìgbẹ́ kúkúrú, àbí pápá koríko? Yóò wọn bó ṣe jìnnà sí ògiri. Yóò wo bí ilẹ̀ abẹ́ igbó náà ṣe da gẹ̀rẹ́, yóò sì fi bí ojú ọjọ́ agbègbè náà ṣe lè burú tó lọ́jọ́ iná kún un. Ohun tó bá jáde nínú ìṣirò yìí ni wọ́n ń pè ní BAL. Ó bẹ̀rẹ̀ láti BAL-LOW, níbi tí ewu ò ti tó nǹkan, ó gba 12.5, 19, 29 àti 40 kọjá, ó sì parí sí BAL-FZ, níbi tí ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ ti lè kan ilé. Kìlówáàtì ooru tí yóò máa kọlu ara ilé, ní ìwọ̀n mítà kan níbùú àti mítà kan lóròó, ni nọ́ńbà wọ̀nyẹn ń sọ. Oòrùn ọ̀sán gangan tó ń lé wa lọ sábẹ́ igi kò ju nǹkan bíi kìlówáàtì kan lọ. Ẹ wá fi 29 wò ó.

Ẹ jẹ́ ká mú ilẹ̀ pẹrẹsẹ kan ní Victoria, kí igbó igi ńlá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé tí kò bá tó 19 mítà sí igbó yẹn bọ́ sí BAL-FZ. Láti 19 sí 25, BAL-40 ni. Láti 25 sí 35, BAL-29. Láti 35 sí 48, BAL-19. Ó di 48 mítà kó tó sọ̀ sí 12.5. Igbó ò yí padà, afẹ́fẹ́ ò yí padà. Ìṣísẹ̀ mélòó kan ló yàtọ̀. Ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ owó ti wọlé. Ní New South Wales, ìwé ìlànà Planning for Bush Fire Protection ti ọdún 2019 ní kí ooru tí yóò kan ilé lórí ilẹ̀ ìkọ́lé tuntun má ju 29 lọ. Ìlànà ètò ìlú ní Victoria le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí wọ́n darí ibùgbé tuntun síbi tí ooru ò ti tó 12.5. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí mo fi ṣàpẹẹrẹ, àárín 25 mítà àti 48 mítà jẹ́ 23 mítà, ní gbogbo gígùn etí igbó. Odindi ìlà ilé kan lè bá a lọ. Lójú tèmi, ìdí nìyí tí oníṣòwò ilẹ̀ fi ń fẹ́ sọ̀rọ̀ dígí àti òrùlé ju ọ̀rọ̀ àlàfo àárín ilé àti igbó lọ: òun ni yóò pàdánù àlàfo, ẹni tó rà á ni yóò sanwó dígí.

Ọ̀rọ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ilẹ̀ tún wà níbẹ̀. Iná a máa sáré gun òkè ju bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Bí ilẹ̀ bá fi dígírì 10 ga, eré iná á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì. Ilé orí òkè tó dojú kọ àfonífojì onígbó, tí wọ́n ń bu owó lé nítorí pé ojú ń ríran jìnnà láti ibẹ̀, òun gan-an ni iná ń sáré gòkè bọ̀ wá bá. Bí ilẹ̀ abẹ́ igbó bá fi dígírì 15 sí 20 sọ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ ilé, BAL-FZ tó jẹ́ 19 mítà lórí pẹrẹsẹ á di 50.

Ẹ má sì rò pé igbó àdáyébá nìkan ló ń jó. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kìíní ọdún 2003, iná wọ Canberra, olú-ìlú wọn. Oko igi páìnì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdúgbò Duffy, ọwọ́ ni wọ́n sì fi gbìn ín. Ilé bíi 500 ló jóná ní ìlú náà, ó lé ní 200 ní Duffy nìkan, ènìyàn mẹ́rin sì kú. Nítorí náà, bí ẹ bá ti béèrè ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣì máa gbìn. Ẹ̀bá odò kékeré inú estéètì tí wọ́n ní àwọn yóò fi igi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ lè di igbó kí ẹ tó san gbèsè ilé tán. Apá kejì estéètì tí wọn ò tíì kọ́ lè ga dé àyà ní koríko. Àgbẹ̀ tiwa a máa ro ẹ̀yìn abà kí ẹ̀ẹ̀rùn tó gbóná, kò sì sí ẹni tó ń bá a jiyàn pé ta ni yóò ro ó. Nínú estéètì, ìbéèrè yẹn gan-an ló le jù. Orí ilẹ̀ ta ni àlàfo àárín ilé àti igbó wà? Ta ni yóò máa gé koríko rẹ̀ kó má ju nǹkan bíi 100 mílímítà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn? Inú ìwé wo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Bí ìdáhùn bá jẹ́ pé aládùúgbò ni yóò ṣe é nítorí pé èèyàn dáadáa ni, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọ̀nà títì kan ṣoṣo ló wọ Mallacoota, ìlú etíkun kan ní ìlà-oòrùn Victoria. Nígbà tí iná débẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 2019, ojú ọ̀nà ti dí. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn, àlejò àti onílé, ló sá lọ sí etí omi lábẹ́ ojú ọ̀run tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ológun HMAS Choules ló kó èyí tó ju 1,000 nínú wọn kúrò lẹ́yìn náà. Lórí àwòrán estéètì, ẹ fi ìka tọ ọ̀nà àbájáde. Ṣé ó tó méjì? Ṣé apá ibì kan náà ni méjèèjì ń gbà já? Ẹ wo etí igbó pẹ̀lú: ṣé títì ló yà á sọ́tọ̀ sí ilé, àbí ọgbà ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn ló fara kan án? Ìlànà New South Wales ní kí títì etí igbó bẹ́ẹ̀ fẹ̀ tó mítà 8, kí ọkọ̀ panápaná lè kọjá bí àwọn ará ilé ṣe ń jáde. Títì yẹn tún jẹ́ àlàfo tí kì í hu koríko.

Ó wá ku ilé fúnra rẹ̀. Bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè wọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ilé tí iná igbó jẹ ní Ọsirélíà, màjàlà oníná ló ráyè wọlé, kò sí iná ńlá tó gbá wọn mú. Ó gba abẹ́ páànù, ó gba ihò atẹ́gùn òrùlé, ó gba abẹ́ ilẹ̀ pákó, ó bá ewé gbígbẹ níbẹ̀, ó sì ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ títí iná igbó fi kọjá lọ. Ìdí nìyẹn tí ìlànà fi ní kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì irin tí ojú rẹ̀ kò ju 2 mílímítà lọ dí ihò wọ̀nyí, àti fèrèsé tó ń ṣí. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn oníke á yọ́. Bí BAL bá ṣe ń ga ni dígí ń nípọn, tí pákó ìta ń di ohun tí wọn ò gbà, tí owó sì ń gun orí owó. Ẹ béèrè iye tí yóò ná yín kí ẹ tó san owó ilẹ̀, nítorí ilẹ̀ tó dínwó ní BAL-40 lè wọ́nwó ju èyí tó wà lójúde ní 12.5 lọ bí ẹ bá kọ́lé tán.

A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Gọ́tà tó kún fún ewé, ẹní ẹnu ìlẹ̀kùn, igi ìdáná tí wọ́n tò ti ògiri àti òdòdó gbígbẹ lábẹ́ fèrèsé ń ba gbogbo ìṣirò jẹ́, torí kí wọ́n tó kọ́ ilé ni wọ́n ti wọn BAL, kò sì sí ẹni tó ń padà wá wọn ún lọ́dọọdún.

Ìlànà AS 3959 fúnra rẹ̀ kò ṣèlérí pé ilé yóò yè. Nínú àwọn 173 tí Black Saturday pa, 113 ló kú sínú ilé. Akin tó mọ ìjà tí kò mọ ìsá ni í bógun lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, ìpele mẹ́rin ni wọ́n fi ń kéde ewu iná ní gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Èyí tó ga jù, Catastrophic, ẹ má dúró wo èéfín lọ́jọ́ náà. Ẹ ti kúrò níbẹ̀ láàárọ̀ tàbí láti alẹ́ àná.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ gba àbájáde BAL tó jẹ́ ti ilẹ̀ yín gan-an, kì í ṣe ti gbogbo estéètì lápapọ̀, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ẹni tó ṣe é wà nínú ètò BPAD, tí ẹgbẹ́ FPA Australia fi ń fọwọ́ sí àwọn tó ń wọn ewu iná igbó. Bó bá jẹ́ ilé àtijọ́ ni ẹ ń rà, ẹ bá ilé iṣẹ́ adójútòfò sọ̀rọ̀ dáadáa. Ilé tí wọ́n kọ́ kí ìlànà tó dé lè wà bẹ́ẹ̀ títí láé, ṣùgbọ́n bó bá jóná, ìlànà tòní ni wọ́n máa fi tún un kọ́. Ẹ béèrè bóyá owó tí wọ́n kọ sínú ìwé adójútòfò tó kọ́ ilé BAL-40, àbí ilé tí ẹ rà nìkan ló lè kọ́.