Káńfọ̀ Inú Aṣọ àti Ẹ̀jẹ̀ Ọmọ Tuntun



Satellite Town tí a ń gbé súnmọ́ omi, ọ̀rinrin sì máa ń mú aṣọ. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ju káńfọ̀ funfun roboto sínú àpótí. Bí ọjọ́ súnà bá dé, aṣọ inú àpótí yìí náà ni a ó fi wé ọmọ. Ewu ń bẹ níbẹ̀.

Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ pupa tí ń jẹ́ G6PD. Òun ló ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ ohun tó lè bà á jẹ́, bíi káńfọ̀. Ó dà bí ẹ̀wọ̀n onílẹ̀kẹ̀ 515 tó ká jọ. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Oxford mú irú kan tó ti yí padà, èyí tó wà láàárín àwọn ará Ṣáínà, wọ́n jẹ́ kí ó dì bí iyọ̀ ṣe ń dì, wọ́n sì fi X-ray wo bí ó ṣe ká. Wọ́n rí i pé ohun kékeré kan, NADP, há sínú rẹ̀, òun ló ń mú kí ó dúró ṣinṣin.

Irú tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ni A-. Ìlẹ̀kẹ̀ 68 àti 126 ló yí padà níbẹ̀. Ti 126 nìkan kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan. Bí méjèèjì bá pàdé ni ẹ́ńsáìmù náà kì í lágbára. Èyí tó pé máa ń tó ọjọ́ 62 kí ó tó dín sí ìdajì; ti A- kò ju nǹkan bí ọjọ́ 13. Ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti dàgbà kò sì lè ṣe òmíràn.

Nǹkan bí 1 nínú ọkùnrin 5 láàárín wa ló ní in, láti ọ̀dọ̀ ìyá. Kì í ṣe èpè. Ní 1969, Luzzatto àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ aláìpé yìí bí ó ṣe ń pọ̀ nínú èyí tó pé.

Ṣùgbọ́n bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè fọ́, ibà pọ́njú á sì dé. Bí ó bá wọ ọpọlọ, ọmọ lè di adití, ó sì lè kú.

Nítorí náà:

1. Ẹ má fi káńfọ̀ sí aṣọ ọmọ tàbí yàrá rẹ̀. Aṣọ tó ti gba òórùn rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a títí òórùn náà yóò fi lọ.

2. Ẹ má fi ìpara tàbí páúdà oní-menthol pa ọmọ tuntun. Olowe àti Ransome-Kuti kọ̀wé nípa ewu yìí láti Èkó ní 1980.

3. Bí ojú ọmọ bá pọ́n, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kì í wò ó.

4. Ẹ ṣe àyẹ̀wò G6PD kí ẹ tó lo primaquine tàbí dapsone.

Ìmọ́tótó jẹ́ ti ẹ̀sìn wa, ṣùgbọ́n òórùn káńfọ̀ kọ́ ni ìmọ́tótó. Kí Ọlọ́hun dá àwọn ọmọ wa sí. Àmín.