ILÉ RẸ NÍ ÌLÚ ÀJÈJÌ

Kà: Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:1-4, 18-26

Iṣẹ́ lè gbé ọ̀dọ́ kan láti Lọ́ńdọ̀nù dé Dubai, kí ó tún gbé e dé Houston kí ọdún tó parí. Owó ń wọlé, ṣùgbọ́n òtẹ́ẹ̀lì ni ilé rẹ̀. Ó ń wí pé, "Bí mo bá fìdí kalẹ̀ tán, n óò wá ìjọ."

Olùfẹ́, wo Ákúílà àti Pírísíkílà. Ọba Kíláúdíù lé àwọn Júù kúrò ní Róòmù ní nǹkan bí ọdún 49, tọkọtaya yìí sì bá wọn lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ àgọ́ pípa ní Kọ́ríńtì, wọ́n tún ṣí lọ sí Éfésù. Síbẹ̀, wọn kò dúró de ìgbà tí ara yóò rọ̀ wọ́n. Ní Kọ́ríńtì, wọ́n gba Pọ́ọ̀lù sílé. Ní Éfésù, wọ́n fi ọ̀nà Ọlọ́run ye Àpólò yékéyéké, ìjọ sì ń pé jọ nínú ilé wọn. Nígbà tí wọ́n padà sí Róòmù, bákan náà ni.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ kò bá tíì jẹ́ kí o relé, tẹ́ pẹpẹ àdúrà síbi tí o wà, kí o sì wá ẹnì kan tí ẹ ó jọ máa gbàdúrà. Bí ọmọ rẹ ló wà lájò, pè é lónìí. Má béèrè owó. Béèrè ẹni tí wọ́n jọ ń gbàdúrà.

Àdúrà: Baba, ìlú yòówù tí iṣẹ́ bá gbé mi dé, jẹ́ kí ilé mi níbẹ̀ jẹ́ ilé àdúrà, ní orúkọ Jésù. Àmín.