Bí Iṣẹ́ Túláàsì Ṣe Ń Tú Abúlé Ká

Ní Ìjẹ̀bú-Òde níbí, bí a bá ti dárúkọ òyìnbó àti ìbọn, ogun Ìmàgbọn ọdún 1892 ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Ogun yẹn jà, ó sì parí. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò lónìí kì í pariwo tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó ń sọ abúlé dahoro: iṣẹ́ túláàsì. Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìkángun ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ní Ìmẹ̀kọ.

Abẹ́ ìjọba Kétu, ìlú Yorùbá, ni Ìmẹ̀kọ wà tẹ́lẹ̀. Ní August 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ààlà: Kétu àti ilẹ̀ àwọn Yorùbá Ọ̀họ̀rí bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Báwo wá ni iṣẹ́ túláàsì ṣe ń wọ abúlé lápá Faransé nígbà náà? Ọ̀gá òyìnbó kì í wọ oko lọ mú èèyàn fúnra rẹ̀. Baálẹ̀ ló ń ránṣẹ́ sí: kó ọkùnrin wá, kí wọ́n wá la ọ̀nà, kí wọ́n wá ru ẹrù. Bí baálẹ̀ kò bá rí wọn kó jọ, òun gan-an ni wọ́n máa mú, torí òfin tí Faransé ń pè ní indigénat gba ọ̀gá òyìnbó láyè láti ti ọmọ onílẹ̀ mọ́lé láìgbé e dé kóòtù. Ẹ fiyè sí àsìkò ìpè náà. Òjò kì í dúró de ẹni tó lọ la ọ̀nà. Ọkùnrin tí wọ́n bá pè lásìkò ebè kíkọ, ebi ọdún tó ń bọ̀ ti wọ ilé rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Yúróòpù ní 1914, Faransé tún ń bèèrè àwọn ọ̀dọ́ fún iṣẹ́ sójà.

Àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ jálẹ̀. Ilẹ̀ wọn di àbàtà bí òjò bá ti rọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí ẹsẹ̀ àjèjì ò lè tọ̀. Láàárín 1914 sí 1916 ni wọ́n bá Faransé fà á, tí sójà fi wọlé tọ̀ wọ́n. Àwọn mìíràn, pàápàá ní Kétu, ò gbé ìbọn rárá. Wọ́n di ẹrù, wọ́n kó aya àtọmọ sọdá sí apá Ìmẹ̀kọ, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ tó kọ ìtàn yìí, ní ọ̀tẹ̀ ni irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Abúlé tó ṣófo kì í san owó orí, kì í sì í la ọ̀nà.

Kẹ́nikẹ́ni má rò pé ara tu èèyàn lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì o. Ní Abẹ́òkúta ní 1914, wọ́n mú Sobiyi Ponlade, àgbàlagbà ará Ìjẹmọ̀, lórí ọ̀rọ̀ títún ọ̀nà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Ó kú lẹ́yìn ìyà tí wọ́n fi jẹ ẹ́. Àwọn ará Ìjẹmọ̀ fárígá, sójà sì yìnbọn pa nínú wọn ní 8 August. Ìyà tó fúyẹ́ díẹ̀ ni àwọn ará Kétu sá wá bá.

Òfin 11 April 1946, tí wọ́n fi orúkọ Félix Houphouët-Boigny pè, ló fòpin sí iṣẹ́ túláàsì ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Síbẹ̀, kò tán láyé. Ní Bọ́mà, níbi tí ọ̀pọ̀ bàbá wa ti jagun nígbà Hitler, ìgbìmọ̀ Àjọ Òṣìṣẹ́ Lágbàáyé ṣì rí i ní 1998 pé àwọn ológun ń ránṣẹ́ sí àwọn olórí abúlé, títí kan ti ẹ̀yà Karen, pé kí wọ́n kó aláàárù wá. Bíi ti àwọn ará Kétu, ọ̀pọ̀ àwọn Karen ti sọdá ààlà sí Thailand.