Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Orin fún Ìrànlọ́wọ́

Ìbéèrè: Òǹkàwé kan ní Ṣáṣá fẹ́ mọ̀ bóyá eré orin ìrànlọ́wọ́ wúlò ju àwo orin ìrànlọ́wọ́ lọ.

Ìdáhùn: Eré orin ìrànlọ́wọ́ ni èyí tí olórin ń ṣe láìgbowó kí èrè rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ aláìní, irú èyí tí Live Aid jẹ́ ní ọjọ́ 13, oṣù Keje, ọdún 1985, nítorí ìyàn Ethiopia. Sade Adu, tí wọ́n bí ní Ìbàdàn, kọrin níbẹ̀ ní London, ṣùgbọ́n ó dunni pé àwọn olórin tí ń gbé ilẹ̀ Áfíríkà gan-an ṣọ̀wọ́n lórí ìtàgé náà.

Àwo orin ni ó sàn jù, nítorí pé ó ń pẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Red Hot + Riot, tí ó jáde ní ọdún 2002, tún orin Fẹlá Kútì, olórin Afrobeat, kọ láti fi kówó jọ fún ìgbógunti àrùn éèdì, èyí tí ń ba agbára ara láti kojú àìsàn jẹ́; Fẹ́mi Kútì àti D'Angelo ará Amẹ́ríkà ni wọ́n jọ kọ Water No Get Enemy nínú rẹ̀, tí fèrè Roy Hargrove sì ń dá wọn lóhùn. Àrùn yìí kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti kéde ní ọdún 1997 pé ó pa Fẹlá àbúrò rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé ṣì ń fi í pamọ́.